Kí ló dé tí ènìyàn fi kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán àwọn ará Japan?

Aláwòrán: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nínú àwọn àwòrán ilẹ̀ àti omi tí àwọn ará Japan fi pákó fífín tẹ̀ láyé àtijọ́, mo ṣàkíyèsí pé níbi tí òkè tàbí ìgbì bá ti gba ojú ìwé, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ju èèrà lọ. Ṣé ohun tí Hokusai àti Hiroshige, àwọn ọ̀gá méjì nínú irú àwòrán yìí, ń wí ni pé ènìyàn kò já mọ́ nǹkan kan?

Agbẹ́gilére: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn ná. Nínú àwòrán ìgbì ńlá Kanagawa, tí Hokusai ṣe ní nǹkan bí ọdún 1831, ọkọ̀ mẹ́ta ni ó wà lójú omi, irú èyí tí ó máa ń sáré gbé ẹja tútù lọ sí Edo, ìlú tí à ń pè ní Tokyo lónìí. Àwọn atukọ̀ dojú bolẹ̀, wọ́n di àjẹ̀ mú, wọn kò sì fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gba ìgbì náà. Nínú òmíràn láti inú ọ̀wọ́ kan náà, èyí tí Hokusai ṣe nípa Òkè Fuji, òkè tí ó ga jù ní Japan, oníṣẹ́ igi kan wà nínú àgbá ràgàjì tí kò ní ìdí, ó ń fá a, Òkè Fuji sì ń yọjú bíńtín láti àárín àgbá náà. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ wò ó.

Ìyá Àgbà: Mo gbà fún Hokusai, ṣùgbọ́n ti Hiroshige yàtọ̀. Nínú àwòrán òjò òjijì lórí afárá Shin-Ohashi, ti ọdún 1857, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ká gúlútú sábẹ́ agboòrùn àti akẹtẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo sì ń fi ọ̀pá ti ìtì igi tí a so pọ̀ lórí odò Sumida. Kò sí ẹni tí ó ń bá òjò jà. Òjò ọ̀hún jẹ́ ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó fín pákó ní láti gbẹ́ gbogbo ara igi tí ó yí ìlà kọ̀ọ̀kan ká kúrò kí ìlà náà lè yọrí (iṣẹ́ afọ́nilójú!). Van Gogh, ayàwòrán ará Netherlands, fi ọ̀dà olóròóró ya àwòrán náà tirẹ̀ ní 1887, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òjò rẹ̀ kò mú tó ti orí pákó.

Aláwòrán: Ẹ ṣeun. Àwòrán Fuji pupa tí Hokusai ṣe, tí kò ní ènìyàn kankan ńkọ́?

Agbẹ́gilére: Àwọn tí yóò rà á ni ẹ máa rò. Ní Edo, àwọn olùbọ Òkè Fuji a máa kó ẹgbẹ́ jọ, wọn a dáwó, wọn a sì rán aṣojú lọ gun òkè náà. Hokusai ya irú àwọn bẹ́ẹ̀ sínú ọ̀wọ́ yìí kan náà: àwọn kan ń pọ́n àpáta, àwọn kan fún mọ́ra wọn nínú ihò, a kò sì rí ṣóńṣó òkè mọ́ rárá, nítorí pé orí rẹ̀ ni wọ́n wà.