Kómíìsì (ìwé ìtàn aláwòrán) wo ni kí n rà fún ọmọbìnrin mi?
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, kì í fi kómíìsì sílẹ̀ nílé wa ní Sùúrùlérè. Storm ló fẹ́ràn jù, akọni obìnrin inú kómíìsì X-Men, tó ń darí ìjì àti mànàmáná bí Ọya wa. Ará Kẹ́ńyà ni ìyá Storm. Láti 1975 ni Storm ti wà nínú kómíìsì.

Lánàá, mo bá a tó ń fi báírò ya ṣòkòtò fún akọni obìnrin inú ìwé tuntun tí mo rà ní Yaba. Ó ní, "Mọ́mì, òtútù á mú àǹtí yìí." Ó dùn mí wọra. Nínú ìwé náà, ọkùnrin ló ń gba akọni obìnrin yìí sílẹ̀ ṣáá. Bóyá ló sọ gbólóhùn mẹ́ta.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ kà láìpẹ́ tí obìnrin inú rẹ̀ ní làákàyè, tó lè ṣàṣìṣe kó sì tún un ṣe? Ṣé kí n gba eléyìí lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àbí ká jọ kà á?