Ọmọbìnrin wa kì í fọwọ́ kan wáyà ní ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì

Tíṣà Físíìsì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tí àwọn ọmọ SS1 bá ń so LED (gílóòbù kékeré) lórí breadboard (pátákó oníhò tí a ń ki wáyà bọ̀), ọmọkùnrin ló máa ń di wáyà mú, ọmọbìnrin á kàn máa kọ èsì sílẹ̀. Ọmọ méje ló wà nídìí tábìlì kan. Àwọn òbí kan tún ń fa àwọn ọmọbìnrin lọ sí Arts. Kí ni ṣíṣe?

Oníwáyà: Ẹ kú làálàá, Tíṣà. Ọmọ méje ti pọ̀ jù! Méjì péré ni kó wà nídìí breadboard kan. Bí ẹrọ ò bá kárí, kí wọ́n máa wá ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi obìnrin pẹ̀lú obìnrin, kí ẹni tó ń kọ̀wé àti ẹni tó ń so wáyà sì máa gbapò ara wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Bátìrì 9V, LED pupa, rẹsítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) 470 ohm àti wáyà méjì ti tó bẹ̀rẹ̀. LED pupa ń gba bíi 2V, rẹsítọ̀ ló ń gba 7V tó kù, iná tó ń kọjá ò ní ju bíi 15mA lọ. Láìsí rẹsítọ̀, LED á jó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn ni kó kọjú sí pọ́sítíìfù.

Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń ṣì í ni pé wọ́n á ki ẹsẹ̀ LED méjèèjì bọ ihò márùn-ún tó wà lórí ìlà kan náà. Irin kan ṣoṣo ló so ihò márùn-ún yẹn pọ̀ lábẹ́, ibẹ̀ ni iná á gbà kọjá, LED ò ní tàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ ní kó fi ìka tọ ọ̀nà tí iná gbà, láti orí bátìrì títí tó fi padà síbẹ̀. Á rí i fúnra rẹ̀.

Àǹtí Olùdámọ̀ràn: Ní ti àwọn òbí, kí ọmọ tó yan kíláàsì ni kí ẹ ti pè wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì, Mátì, Físíìsì àti Kẹ́mísírì ni JAMB ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà. Bíọ́lọ́jì ò lè dípò Físíìsì níbẹ̀, ohun tó sì ń ká ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin mọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá bi yín pé obìnrin wo ló ti ṣe sáyẹ́ǹsì yọrí rí, ẹ sọ fún wọn nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeyinka Falusi ti Ìbàdàn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa ẹ̀jẹ̀, tó gba àmì-ẹ̀yẹ L'Oréal-UNESCO ní 2001.

Tíṣà Físíìsì: Ẹ ṣeun gan-an. Ayọ́nlẹ́ẹ̀dì, irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà, ńkọ́?

Oníwáyà: Ó di ẹ̀yìn tí breadboard bá ti mọ́ wọn lára. Kí wọ́n di irun sẹ́yìn, kí wọ́n ki etí híjáàbù bọ inú aṣọ, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí nítorí èéfín.