Họ́ọ̀nù Ńlá, Ariwo Ńlá: Ìrírí Àwa Tí A Ń Fi Ọwọ́ Kàn Án

Ọmọ Ọ̀wẹ́, Kábà

Òkun o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: kí ló dé tí họ́ọ̀nù kan ṣoṣo lórí òpó fi ń dún borí àpótí spíkà mẹ́rin tí wọ́n tò sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ańpù tó ń gbé àpótí yẹn lágbára ju ti họ́ọ̀nù lọ? Ẹ má wo ańpù. Ẹnu họ́ọ̀nù ni kí ẹ wò.

Pépà spíkà inú àpótí ń ti afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ fúyẹ́, ńṣe ló máa ń yẹ̀ fún un, kì í dúró gba agbára yẹn. Nínú wáàtì 100 tí ańpù bá kó fún un, wáàtì 1 tàbí 2 péré ló ń di ohùn. Gbogbo ìyókù ń di ooru sínú kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká sídìí pépà. Họ́ọ̀nù kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ibi yẹ̀ sí. Ọ̀fun rẹ̀ há, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á wúwo lójú dáyáfírámù (awọ fẹ́lẹ́ tó ń gbọ̀n nídìí họ́ọ̀nù), agbára á sì wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni họ́ọ̀nù á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ohùn á fi bọ́ síta. Ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká kó tó pe ará òdìkejì odò, ohun kan náà ló ń ṣe. Họ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe dáadáa lè sọ wáàtì 10 sí 30 nínú 100 di ohùn.

Ẹ fi òǹkà wò ó. Kí àpótí tó ń dún ní dB 90 (dB ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń pariwo tó) fún wáàtì 1, ní mítà 1 sí i, tó lè dọ́gba pẹ̀lú họ́ọ̀nù tó ń dún ní dB 106 fún wáàtì 1 kan náà, wáàtì 40 ló máa gbà. Tí ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dB 3 péré ló ń kún ohùn. Ìlọ́po mẹ́wàá, dB 10. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn tó ń wá ariwo pé kí wọ́n má tíì sáré lọ ra ańpù tuntun.

Ará Ìsánlú

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí títóbi rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ họ́ọ̀nù ti ń wọ èèyàn lára.

Ìró tó wálẹ̀ jù lọ tí ẹ fẹ́ kí họ́ọ̀nù gbé ló ń pàṣẹ bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 344 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ mú 344, ẹ fi iye Hz ìró náà (iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) pín in. Iye mítà tó bá jáde ni kí àyíká ẹnu họ́ọ̀nù tó. Fún 300 Hz, àyíká ẹnu á jẹ́ mítà 1.15, ìbú rẹ̀ á sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36 tàbí 37. Kò jìnnà sí họ́ọ̀nù tí a máa ń rí lórí mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyí tó fi ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu dáadáa, tí kò sì lè gbé ìlù bẹ̀ǹbẹ́. Fún 100 Hz, ìbú ẹnu á di mítà 1.1. Fún 50 Hz, á di mítà 2.2, ó ga ju ilẹ̀kùn yàrá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bèésì gidi látinú họ́ọ̀nù, ilé ló ń kọ́ yẹn o! Àwọn kan ní Japan tilẹ̀ fi kankéré mọ ti wọn pọ̀ mọ́ ògiri ilé.

Họ́ọ̀nù tí mo máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù ni ti R. P. G. Denman, olùtọ́jú kan ní Science Museum, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹsẹ̀ bàtà 27 ni gígùn rẹ̀, ó lé ní mítà 8. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ínṣì 1 ní ìbú àti ní òró, ó sì ń gbé ìró dé 32 Hz. Yúnìtì (ẹ̀rọ tó ní mágínẹ́ẹ̀tì, kọ́ìlì àti dáyáfírámù nínú) kan ṣoṣo tó wà nídìí rẹ̀ ni Western Electric 555. Họ́ọ̀nù náà bàjẹ́ ní 1949, wọ́n sì tún un ṣe ní 2014.

Ọ̀nà tí a fi ń dín títóbi yìí kù ni pé kí a lo ilẹ̀ àti ògiri. Họ́ọ̀nù tó jókòó sórí ilẹ̀ lè lo ìdajì ẹnu. Tó bá fara ti ògiri lórí ilẹ̀, ìdá mẹ́rin. Tó bá wọ kọ̀rọ̀, tí ògiri méjì àti ilẹ̀ gbá a mú, ìdá mẹ́jọ tó. Ohun tí Paul W. Klipsch lò ní Arkansas nìyẹn ní 1946 fún Klipschorn, spíkà tó ń fi kọ̀rọ̀ yàrá ṣe ẹnu.

Fún ẹni tó fẹ́ kan ti 100 Hz, ààyè ojú ihò rẹ̀, kì í ṣe ìbú rẹ̀, ní láti máa di ìlọ́po méjì ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 19. Láti ọ̀fun oníbùú sẹ̀ǹtímítà 2.5 dé ẹnu oníbùú mítà 1.1, ìlọ́po méjì yẹn máa wáyé bí ìgbà 11, gígùn rẹ̀ á sì súnmọ́ mítà 2.1. Pákó pílíwúùdù 18 mm ni kí ẹ lò, ẹ fi igi dè é lẹ́yìn. Ẹ fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo oríkèé, torí ihò tí abẹ́rẹ́ lè gbà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun tó láti mú kí ó máa súfèé. Àwọn tó bá lo páànù, ẹ fi ọ̀dà kùn ún níta kó nípọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, páànù fúnra rẹ̀ á máa dún mọ́ ohùn.

Ará Mọ̀pà

Wáyà ni tèmi. Èèyàn á ra họ́ọ̀nù tó dára, á sì fi wáyà pa á.

Ẹ gbà pé họ́ọ̀nù 4 wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ óómù 16 (óómù ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó), wọ́n so gbogbo wọn pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó di óómù 4. Òpó jìnnà sí ańpù ní mítà 100. Wáyà kọ́pà 1.5 mm² tó lọ tó sì bọ̀ jẹ́ mítà 200, òun nìkan gba óómù 2.3. Ó jẹ́ pé nínú wáàtì 100, wáàtì 36 ti ṣòfò sínú wáyà kó tó dé ọ̀dọ̀ yúnìtì. Tí ẹ bá lo ìlà 100 V, níbi tí ańpù ti ń fi fóltì gíga ránṣẹ́, tí họ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní tiransifọ́mà tirẹ̀ tó ń dín fóltì náà kù, tí ẹ so sí wáàtì 30, wáyà kan náà kò ní jẹ tó 3 nínú 100. Ẹ ka wáàtì gbogbo tiransifọ́mà pọ̀, kó má kọjá ìdá 80 nínú 100 agbára ańpù: họ́ọ̀nù 4 ní wáàtì 30 jẹ́ 120, ańpù 150 ló bá a mu.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan: ẹ má so yúnìtì óómù 16 tí kò ní tiransifọ́mà mọ́ ojú 100 V. Wáàtì 625 ló máa fẹ́ fà. Kọ́ìlì á ti jó kí ẹni tó wà nídìí máìkì tó mọ̀. Bákan náà, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, lórí gbogbo họ́ọ̀nù. Méjì tó kọjú síbì kan náà tí ẹ so ní òdì, ńṣe ni wọ́n á máa pa ohùn ara wọn.

Ará Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́. Ní ti yúnìtì tó ń kú, ohun méjì ló sábà ń pa á, ẹ sì lè mọ èyí tó jẹ́ nípa wíwo ojú dáyáfírámù.

Tí kọ́ìlì bá dúdú, tí ó ń rùn, ooru ló pa á. Ańpù ti kọjá agbára rẹ̀, ohùn ti ń há, iná sì ń wọ kọ́ìlì láìdúró. Tí dáyáfírámù bá ya létí, tàbí tí àmì ìgbá wà lójú rẹ̀, bèésì ló pa á. Nísàlẹ̀ ìró tí họ́ọ̀nù lè gbé, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í di dáyáfírámù mú mọ́. Á máa fò kọjá ààlà títí á fi máa gbá irin tó wà níwájú rẹ̀. Ìlù àti kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n tì sínú họ́ọ̀nù ọ̀rọ̀ ló ń fa èyí, ó sì ń dùn mí gan-an torí kàpásítọ̀ kan ṣoṣo, ohun kékeré tó ń dín iná ìró ìsàlẹ̀ kù, ló máa dá a dúró. Fún yúnìtì óómù 16 àti 300 Hz, ẹ so kàpásítọ̀ 33 µF tí kò ní ojú rere àti ojú ẹ̀yìn sójú ọ̀nà wáyà kan. Ti 400 Hz jẹ́ 25 µF. Tó bá jẹ́ ìlà 100 V lẹ ń lò, àárín tiransifọ́mà àti yúnìtì ni kàpásítọ̀ yìí máa wà.

Kí ẹ tó tú u, ẹ kọ́kọ́ fi mítà iná wọn ojú méjèèjì. Yúnìtì óómù 16 tó yè máa ń fi bíi 12 tàbí 13 hàn. Tí kò bá fi nǹkan kan hàn, kọ́ìlì ti já.

Láti pààrọ̀ dáyáfírámù, ẹ sàmì sí bí ìdérí ṣe jókòó, ẹ tú skúrù ẹ̀yìn, ẹ yọ lẹ́ẹ̀dì wáyà, ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ kúrò. Ojú ihò mágínẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ gidi wà. Ó tín-ín-rín, eruku irin sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ká tépù bébà kí ojú tó ń lẹ̀ kọ síta, ẹ tì í wọ inú ihò, ẹ yí i ká, ẹ yọ ọ́, ẹ tún mú òmíràn, títí tépù á fi jáde ní mímọ́. Ẹ má fi irin họ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ gbé tuntun lé e kí ihò rẹ̀ bá èèkàn mu. Ẹ dè é ní ìdàkejì ara wọn, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má de apá kan pa. Ẹ fún un ní ìró kékeré láti 500 Hz sókè. Tó bá ń ha, kọ́ìlì ń fara kan irin: ẹ tú skúrù díẹ̀, ẹ sún un, ẹ tún dè é.

Ìyá Ìyàrá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kò tíì sọ ti òpó. Ẹ dojú họ́ọ̀nù kọ ilẹ̀ díẹ̀, bíi dígírì 5 sí 10, kí omi òjò má dúró nínú rẹ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò, torí agbọ́n fẹ́ràn àárín họ́ọ̀nù tí wọ́n ká pọ̀. Ìtẹ́ wọn á dí ọ̀nà, ohùn á di, ẹ ó sì máa rò pé yúnìtì ló kú.

Àpáta tó yí ìlú wa ká náà ní tirẹ̀. Èyí tó wà ní mítà 170 níwájú họ́ọ̀nù á dá ohùn padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko, ọ̀rọ̀ á sì gun orí ara wọn. Ẹ kọ ẹnu họ́ọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́, kó má dojú kọ àpáta. Ẹ má sì tò ó sórí òpó méjì tó jìnnà síra, nítorí mítà 34 péré tó láti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ya ohùn wọn. Òpó kan, họ́ọ̀nù méjì tó kẹ̀yìn síra, ló mọ́ jù.

Ní alẹ́, ilẹ̀ á tutù ju afẹ́fẹ́ òkè lọ, ohùn á sì máa tẹ̀ padà wá sílẹ̀. Ohun tí kò kọjá ọjà lọ́sàn-án lè dé abúlé kejì lóru. Ẹ dín in kù nígbà náà. Nínú ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbé ìró òkè mì, ọ̀rọ̀ á sì máa há fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Ẹ lè fi trebúlù díẹ̀ kún un, kì í ṣe wáàtì.

Ọmọ Ọ̀wẹ́, Kábà

Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹnì kan ń béèrè nísàlẹ̀ èwo ló pariwo jù. Láàárín àwọn tó ní họ́ọ̀nù, èyí tí àwa olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń dárúkọ ni fèrè ìkìlọ̀ ogun tí Chrysler bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1952. Kò ní yúnìtì, kò ní kọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ V8 alágbára ẹṣin 180 ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú họ́ọ̀nù 6, ó sì ń dún ní dB 138 ní ẹsẹ̀ bàtà 100 sí i. Iye yẹn ń dun etí ní tòótọ́.

Tiwa náà kò kéré. Họ́ọ̀nù dB 106 tí ẹ fún ní wáàtì 30 á dé dB 121 ní mítà 1. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, dB 6 ń lọ: ní mítà 8, dB 103, ní mítà 32, dB 91. Etí lè gba dB 85 fún wákàtí 8, dB 91 fún wákàtí 2, dB 100 fún ìṣẹ́jú 15 péré. Nítorí náà, ẹ má to àga àwọn ọmọdé sábẹ́ òpó níbi ayẹyẹ. Ẹni tó bá sì fẹ́ gun òpó lọ tún họ́ọ̀nù ṣe, kí ó yọ wáyà lẹ́yìn ańpù, kí ó sì mú un dání gun òkè, kí ẹnikẹ́ni má baà so ó padà nígbà tí etí rẹ̀ wà lẹ́nu họ́ọ̀nù.