Ìbọn ayípo péńpé: kí la ó máa pè é gan-an?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tó yẹ ìbọn ìléwọ́ kúkúrú tí ilé ọta rẹ̀, irin roboto oníhò tí ọta ń wọ̀, ń yí, irú èyí tí Colt àti Smith & Wesson ń ṣe ní Amẹ́ríkà, tí ojú rẹ̀, ọ̀pá irin tí ọta ń gbà jáde, kò gùn ju nǹkan bí íǹṣì 2 lọ. Ẹ̀gbọ́n kan dábàá "ìbọn onímú kúkúrú", bí Òyìnbó ṣe ń pè é ní "snubnose". Ìyá wa kan ní "ìbọn àpò" ló dùn létí jù. Àbúrò kan ní ká kàn máa pè é ní "rìfọ́fà", ìyẹn "revolver" Òyìnbó, ká sinmi. Ó pẹ́ tí mo ti ń kó ìbọn yìí jọ, tí mo sì ń yìn ín ní pápá ìdánrawò, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún. "Ayípo péńpé" ni tèmi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti imú. Òyìnbó ló rí imú lára ìbọn. Ojú ni àwa ń wò: a ń dojú ìbọn kọ nǹkan, a kì í dimú rẹ̀ kọ ọ́. Ẹ gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́: "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?" Òfin àkọ́kọ́ ní pápá ìdánrawò nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé ọta kò sí nínú ìbọn. Òwe yẹn náà ló ti fún wa ní apátí, ohun tí ìka ń fà kí ìbọn tó ró, nítorí náà kí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tuntun fún un má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú.

Ẹ má bínú, Ìyá wa, "ìbọn àpò" dùn lóòótọ́, àmọ́ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀. Colt ṣe ìbọn kan ní 1849 tí wọ́n pè ní ti àpò, síbẹ̀ ojú àwọn mìíràn nínú rẹ̀ gùn tó íǹṣì 6. Ní 1908, wọ́n tún gbé èyí tí John Browning ṣe jáde, tó kéré tó fi lè wọ àpò ẹ̀wù, ṣùgbọ́n kò ní ilé ọta tó ń yí rárá. Inú èèkù rẹ̀ ni ọta ń tò sí. Ọ̀kan gùn jù, èkejì kò yí.

Yíyí yìí gan-an ni gbogbo ẹwà rẹ̀. Òun ni Samuel Colt tìtorí rẹ̀ gba ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1836. Bí o bá fi àtàǹpàkò fa òòlù ẹ̀yìn ìbọn sẹ́yìn, ilé ọta á yí, ihò tó kàn á bọ́ sí iwájú òòlù, á sì há síbẹ̀ gbagidi. Ti Smith & Wesson ń yí sí òsì ẹni tó dì í mú, ti Colt ń yí sí ọ̀tún. Láti ṣí ilé ọta, ìkọ́ Smith & Wesson ni o máa tì síwájú, ti Colt ni o máa fà sẹ́yìn. Ẹni tí Colt ti mọ́ lára, bó bá gbé Smith & Wesson, àtàǹpàkò rẹ̀ á kọ́kọ́ fà á lásán. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, pé ọwọ́ máa ń dá ìbọn mọ̀ kí ojú tó ka orúkọ ara rẹ̀.

Ẹnìkan béèrè bóyá "ayípo" kò ní dà pọ̀ mọ́ "àyípo". Kò ní dà pọ̀. A- olóhùn àárín ni ti olùṣe, bíi apẹja àti akọrin. À- olóhùn ìsàlẹ̀ ni ti ohun tí a ṣe, bíi àkójọ. A sì nílò méjèèjì, nítorí bí ilé ọta bá ti ń yí tipẹ́, irin kékeré tó ń dá a dúró máa ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká. Ohun tí àwa olùkójọ ń kọ́kọ́ wò nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìlà àyípo.

Ó wá ku péńpé. Ṣòkòtò péńpé kì í ṣe ṣòkòtò ọmọdé. Ìbàdí rẹ̀ pé, gígùn ló dín. Bẹ́ẹ̀ ni Detective Special tí Colt gbé jáde ní 1927 rí: ara Police Positive Special, ìbọn Colt tí ojú rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni, ọta 6 ló ń gbà, ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n gé sí íǹṣì 2. Ẹni tó bá pè é ní "kékeré" kò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀ ni Chiefs Special ti Smith & Wesson, èyí tí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá fún lórúkọ níbi ìpàdé wọn ní Colorado Springs ní 1950. Ìyẹn kéré ní ara lóòótọ́, ọta 5 péré ló ń gbà, wọ́n sì tún ṣe é ní olójú íǹṣì 3. Lójú tèmi, ti íǹṣì 3 yẹn ń bọ́ kúrò nínú péńpé, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀.

Fún Centennial ti Smith & Wesson ní 1952, tí irin bo òòlù rẹ̀ pátápátá kó má baà kọ́ aṣọ, mo dábàá "olóòlù ìkọ̀kọ̀". Bodyguard wọn ti 1955, tí orí òòlù rẹ̀ ṣì yọ díẹ̀ fún àtàǹpàkò, kò sí nínú ìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, "yìn" ni ká máa lò, ọfà ni a ń ta. Ẹni tó bá sì ti yin ayípo péńpé aláara alumíníọ̀mù rí mọ̀ pé ó yẹ ká ní orúkọ fún bó ṣe ń taari ọwọ́ sẹ́yìn. Ó fúyẹ́, agbára ọta kò sì dín, gbogbo rẹ̀ ọwọ́ ló ń gbà á. "Ìtaari" tó mi.

Àbúrò, rìfọ́fà kò burú lẹ́nu, máa sọ ọ́ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò ni "ilé ọta": àwọn kan ti ń lò ó fún ohun tí wọ́n ń kì bọ inú èèkù ìbọn tí kì í yí. Ṣé ká fún ìyẹn ní "àpò ọta", kí ilé ọta lè jẹ́ ti ayípo nìkan?