Báwo ni mo ṣe lè mú iṣẹ́ ilé rọrùn fún àwọn ọmọ mi?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta (Ìjọ̀ká, Àkúrẹ́):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti gba ìsinmi. Àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ ọdún 10, èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún 7, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún 5. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ní lẹ́bàá Ọjà Ọba ni mo máa ń wà títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n ń bá mi wo àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, nítorí náà àwọn ọmọ ni ó yẹ kí wọ́n fọ abọ́, kí wọ́n gbálẹ̀, kí wọ́n sì pọn omi sílé láti ìdí ẹ̀rọ omi tí ó wà ní ilé kejì. Bí mo bá dé, ìdajì iṣẹ́ náà ni mo máa ń bá nílẹ̀, èmi náà a sì fi ariwo bọ ẹnu.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo jókòó sílé mo sì wo ọmọ ọdún 7 náà bí ó ti ń fọ abọ́. Ó dojú korobá dé, ó gun orí rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè dé inú síǹkì, korobá náà sì ń yẹ̀ lórí táìsì tí omi ti dà sí. Omi ọṣẹ ń gba ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ṣàn wọ inú aṣọ, ó sì di abọ́ tánganran mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, nítorí pé ọ̀kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo sì bá a wí gidigidi. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo wá ń rò ó pé àwọn ọmọ wọ̀nyí lè má ya ọ̀lẹ, pé iṣẹ́ náà gan-an ni a kò gbé kalẹ̀ ní ìwọ̀n wọn. N kò fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn o. Bí yóò ṣe rọrùn fún wọn, tí wọn yóò sì lè ṣe é dáadáa, ni mo ń bèèrè.

Olùkọ́ Àná (Òǹdó):
Ọmọ mi, o ṣeun tí o jókòó wò ó. Ọmọ kékeré ni mo kọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì rí ni pé bí àgbà bá ní kí ọmọ tún ilé ìdáná ṣe, iṣẹ́ mẹ́wàá ni ó kó sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọmọ kò sì mọ èwo ni yóò kọ́kọ́ mú. Dárúkọ iṣẹ́ kan, kí o ṣe é lójú rẹ̀, kí ẹ jọ ṣe é ní ọjọ́ kejì, kí o sì dúró tì í ní ọjọ́ kẹta láìfi ọwọ́ kàn án.

Ní ti abọ́, gbé e kúrò ní síǹkì. Gbé ọpọ́n méjì sí ìta, omi ọṣẹ nínú ọ̀kan, omi tí wọn yóò fi ṣan án nínú èkejì. Síbí àti ife ike ni kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ nígbà tí omi ṣì mọ́, kí abọ́ ọlọ́ràá tẹ̀ lé e. Ọ̀bẹ àti ìkòkò ọbẹ̀ jẹ́ tìrẹ. Àwa ará ibí sì mọ ìyọnu iyán: abọ́ iyán tí kò bá rí omi kí ó tó gbẹ, àgbàlagbà pàápàá yóò fi èékánná họ ọ́. Nítorí náà kí olúkúlùkù bu omi sínú abọ́ tirẹ̀ bí ó bá ti jẹun tán, kí bàbá wọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí nìkan yóò dín iṣẹ́ ọmọ náà kù ju bí o ti rò lọ.

Nọ́ọ̀sì (Ọ̀bà-Ilé):
Ẹ̀gbọ́n mi, omi pípọn yẹn ni ó kàn mí jù. Lítà omi kan wọn kìló kan, èyí túmọ̀ sí pé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí ó kún wọn kìló 25, ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 7 kò sì wọ̀n tó bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Ẹ fún àkọ́bí ní kẹ́ẹ̀gì kékeré méjì, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì, kí ara rẹ̀ má baà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kan bílíìṣì tàbí oògùn ìfọ-ilé-ìgbẹ́: bí a bá da méjèèjì pọ̀, èéfín tí ó ń ba èémí jẹ́ ni ó máa ń jáde. Ẹ má ṣe dà wọ́n sínú ike tí ọmọ mọ̀ sí ike ohun mímu.

Bàbá Àgbẹ̀ (Ìdànrè):
Ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ sọ pé a ń kẹ́ àwọn ọmọ òde òní jù. Ọmọ ọdún 6 ni mo wà tí mo ti ń pọnmi ní abà kòkó. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ èyí ni mo rántí pé agbè kékeré kan wà tí ìyá mi àgbà yà sọ́tọ̀ fún mi, ẹlòmíràn kì í fi pọnmi. Wọ́n tún máa ń fa díẹ̀ yọ lára ìgbálẹ̀ ńlá, wọn a dì í kí ó ká àtẹ́lẹwọ́ mi. N kò mọ̀ nígbà náà pé wọ́n ń ro tèmi ni. Ìyá àwọn ọmọ, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Káfíńtà (Òkè-Àró, Àkúrẹ́):
Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Pẹpẹ ni iṣẹ́ mi, ó sì ṣe é gbé wálẹ̀. Ẹ kan ìṣó mẹ́ta sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ní ìwọ̀n èjìká àbíkẹ́yìn, kí ìgbálẹ̀, àkísà ìnulẹ̀ àti apẹ̀rẹ̀ kékeré máa wà níbẹ̀. Korobá tí ọmọ ń gùn yẹn, ẹ gbà á lónìí. Bẹ́ǹṣì kúkurú kan tí ọpọ́n méjèèjì yóò jókòó lé kò ní gbà ju àjákù pákó lọ.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá, abọ́ iyán òní ti wà nínú omi, bàbá wọn sì ni ó kọ́kọ́ bu omi sí tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n káfíńtà, báwo ni kí bẹ́ǹṣì náà ti ga tó?

Káfíńtà:
Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún 7 náà dúró láìwọ bàtà, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ìdodo. Ẹnu ọpọ́n ni kí ó dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ wọn gíga ọpọ́n pẹ̀lú, kí n lè yọ ọ́ kúrò.