Ọmọ mi á jẹun tán, á lọ bì í. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí

Ìyá Dámi: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ìyá mi, nǹkan ti sú mi ni mo ṣe kọ èyí. Ọmọ mi obìnrin ń jẹ ju àwọn ọkùnrin ilé lọ, ìrẹsì tí mo sè fún ọjọ́ méjì á tán lóru, odidi búrẹ́dì, mílíìkì, ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń ta nǹkan báyìí. Tó bá jẹ ẹ́ tán á wọ balùwẹ̀ á ṣí omi sílẹ̀, mo rò pé ó ń wẹ̀ ni, àṣé ó ń tìka bọ ọ̀fun! Àbúrò rẹ̀ ló tú u fó. Ìyá ọkọ mi ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń dà á láàmú, àbúrò ọkọ mi ní èmi ni mo bà á jẹ́, ẹni tí kò tẹsẹ̀ bọlé mi láti Kérésì! Kò sì rù o. Ṣé ẹ mọ àgbo kankan?

Alhaja Aláṣọ: Oyún ni. Ọmọ ọdún mélòó ni, ẹ ò sọ.

Ìyá Ìbejì: Ìfiṣòfò ni jàre. Ẹ ti kíṣìnì pa kẹ́ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Sísí Peckham: Ẹ má ti nǹkan kan pa o. Ọdún 6 ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní London, ẹnì kan ò fura torí mi ò rù. Àìsàn ni, bulimia ni wọ́n ń pè é, Diana ìyá William, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1995 pé ó ṣe òun. Ásíìdì inú èébì ti jẹ eyín iwájú mi kí n tó lọ máa rí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Àìsàn òyìnbó nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí kì í jẹun rárá, tó gbẹ kan eegun, tí irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ hù lápá, ìyẹn ni mo mọ̀ sí àìsàn.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Ìyá Ìbejì, anorexia nìyẹn, ìdílé kan náà ni wọ́n. Nǹkan oṣù á dúró, òtútù á máa mú un, ọkàn á máa lù falẹ̀, eegun á di ẹlẹgẹ́. Àwọn míì á jẹ àjẹkì ní kọ̀rọ̀ bíi Dámi, ojú á tì wọ́n, àmọ́ wọn ò ní bì í, àwọn yẹn lẹ ń pè ní wọ̀bìà, àìsàn ni tiwọn náà. Ìyá Dámi, ẹ wo oríkèé ìka rẹ̀, ṣé àpá wà? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ṣé ó ti dákú rí? Ṣé ó ń lo oògùn ìyàgbẹ́?

Ìyá Dámi: Ọmọ ọdún 17 ni, kò lóyún, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àpá wà, ó ní òróró ló ta sóun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, mo ní ó ń sanra ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e lọ Arò o, ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ku oṣù méjì, kí àna mi máa pe ọmọ mi ní wèrè?

Alhaja Aláṣọ: Ta ló dárúkọ Arò fún yín?

Sísí Peckham: Ẹ fo ìbéèrè méjì, mọ́mì. Ṣé ó ti dákú rí?

Ìyá Dámi: Ó dákú ní lẹ́sìn lọ́jọ́ Tuesday. Kò lo oògùn, tíì ni. Èmi ni mo rà á. Télọ̀ ní aṣọ ẹbí ò gbà á, mo ní kó máa mu ún kí ikùn rẹ̀ lè wọlé, ẹyọ kan lójúmọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo inú yàrá rẹ̀ báyìí, páálí mẹ́ta ló ti tán.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Ẹ dìde. Tíì tó ń múni yàgbẹ́ nìyẹn, òun àti èébì ló ń kó èròjà ara tí wọ́n ń pè ní potassium jáde lára rẹ̀, èròjà yẹn sì ni ọkàn fi ń lù bó ṣe yẹ. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, ọkàn lè dúró lójijì, bí ẹni náà tiẹ̀ sanra. Emergency ni o, kì í ṣe kẹ́míìsì. Ẹ sọ ti tíì fún wọn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n ṣe ECG, àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù. Ẹ má nà án.

Ìyá Ìbejì: Aago mọ́kànlá alẹ́? Ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́ ná.

Sísí Peckham: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́.

Ìyá Dámi: A wà níbẹ̀. Potassium lọ sílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ti fa omi sí i lára, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ àyà rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ní òun á san owó ìrẹsì padà fún mi. Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní lẹ́yìn èyí a máa rí dókítà ọpọlọ. A máa lọ. Báwo ni kí n ṣe sọ ti tíì yẹn fún bàbá rẹ̀?