Mo fẹ́ padà sí ìje mọ́tò lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá, ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Kent):
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Èmi tí mo ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀lùbọ́ gidi lóṣù tó kọjá náà ni, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo tún gbé dé. Àwọn tó ti mọ̀ mí tipẹ́ mọ̀ pé mo máa ń sá ìje mọ́tò ní wíìkẹ́ńdì, eré ìgbádùn lásán ni o, Mazda MX-5 kékeré kan ni mo fi ń sá a. 2012 ni mo fi í sílẹ̀, ìbejì dé, mọ́gèèjì dé, iṣẹ́ alẹ́ dé, mo bá ti mọ́tò sí gáráàjì mo da aṣọ bò ó, ìyàwó mi gbé fíríísà dí i níwájú, ẹran ewúrẹ́ àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ látìgbà yẹn. Báyìí àwọn ọmọ ti ń dá lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, mo ti pé 47, ara sì ń yún mi. Ṣé kí n kàn yí kọ́kọ́rọ́ kí n máa lọ ni?

Mẹkáníìkì Peckham:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ kankan o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Epo tó wà nínú táǹkì yẹn ti bàjẹ́, ẹ fà á dà nù, tí ẹ bá fẹ́ ra òmíì ẹ ra E5 (èyí tí ọtí ethanol inú ẹ̀ ò ju 5% lọ), torí E10 (tiẹ̀ lè tó 10%) tó wà nílé epo láti Oṣù Kẹsàn-án 2021 máa ń fa omi, kò dáa fún mọ́tò tó ń jókòó. Bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ orí máa ń pa rọ́bà bí ò tiẹ̀ rin máìlì kan. Táyà náà ńkọ́? Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí lára ẹ̀, tí ẹ bá rí 2311, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2011 nìyẹn, ó lè máa dán o àmọ́ ó ti le bíi pọ̀nmọ́ tí ò jinná, kò lè di ilẹ̀ mú.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni epo bíréèkì. Ó máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. DOT 4 tuntun (irú epo bíréèkì kan nìyẹn, kì í ṣe DOT ara táyà) ò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C, àmọ́ tó bá ti mu omi tó bíi 3.7%, ó lè hó ní 155°C. Lójú títì ẹ ò ní mọ̀. Orí pápá ìje ni ẹ ó ti mọ̀, tí ẹ bá tẹ bíréèkì tagbáratagbára bí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ó á hó, oru á kún inú páìpù, ẹsẹ̀ yín á rì dé ilẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù, mọ́tò ò sì ní dúró. Mo tú ti oníbàárà kan lọ́dún tó kọjá, dúdú bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Leeds):
Mọ́tò nìkan kọ́ ló ti jókòó láti 2012 o. Ìwọ ńkọ́? Tó o bá wà láàárín 40 sí 74, NHS Health Check, ìyẹn àyẹ̀wò ara, wà fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún márùn-ún márùn-ún ní England, lọ wo ìfúnpá ẹ àti ṣúgà ẹ. Kó o sì lọ yẹ ojú ẹ wò, ẹ̀yin ọkùnrin lẹ máa ń mọ mẹkáníìkì ju dókítà lọ.

Àgbà Awakọ̀ (Medway):
Àbúrò, káàbọ̀ padà. Mo ti pé 61, mo ṣì ń sá a.

Yọ akoto ẹ, wo sítíkà inú ẹ̀. Sítíkà yẹn ló ń sọ ìdánwò tí akoto náà yege. Tó bá jẹ́ Snell SA2010, ó ti pẹ́ jù, wọn ò gbà á mọ́ níbi ìje níhìn-ín. Má lọ ra ti ọ̀kadà dípò ẹ̀ o, ti mọ́tò ni wọ́n máa ń fi iná dánwò. Bẹ́líìtì ìjókòó náà ní ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ẹ̀, tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá kò sí ẹ̀bẹ̀.

Má tíì lọ síbi ìje. Lọ sí track day kan kọ́kọ́, ìyẹn ọjọ́ tí èèyàn máa ń sanwó wa mọ́tò ara ẹ̀ lórí pápá ìje, kò sẹ́ni tó ń ka táìmù níbẹ̀, o ò sì lè ya ẹnì kan sílẹ̀ àfi tó bá fún ẹ láyè. Inṣọ́ránsì tó o fi ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́, má gbẹ́kẹ̀ lé e, ti track day lọ́tọ̀ ni kó o rà. Mọ́tò tó bá wà lórí SORN (èyí tó o ti sọ fún ìjọba pé kò sí lójú títì) ò gbọdọ̀ fi táyà ẹ̀ kan títì lọ sí track day, trailer ni wàá fi gbé e. Ṣé o rántí ìdánwò tí wọ́n ní kí àwa tá a gba láísẹ́ǹsì láti 1997 wá ṣe ká tó fa trailer ńlá? Wọ́n ti fagi lé e láti 16 Oṣù Kejìlá 2021, o lè fà tó 3,500kg báyìí. Èèyàn púpọ̀ nínú wa ni ò gbọ́.

Ọmọ Ìbàdàn (Houston):
Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kéré? Autocross la máa ń ṣe níbí lábẹ́ SCCA, ẹgbẹ́ àwọn oníje mọ́tò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pápá ìgbọ́kọ̀sí ńlá ni, wọ́n á to kọ́ọ̀nù, ìwọ àti aago lẹ jọ ń bá ara yín jà, kọ́ọ̀nù kan tó o bá gbá, ìṣẹ́jú àáyá méjì lórí táìmù ẹ. Tó o bá ṣe tìẹ tán wàá lọ dúró sínú oòrùn Texas máa to kọ́ọ̀nù fáwọn ẹlòmíì, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti sanra.

Àgbà Awakọ̀ (Medway):
Autosolo là ń pe irú ẹ̀ níbí. Láísẹ́ǹsì RS Clubman ti Motorsport UK, àwọn tó ń ṣàkóso ìje mọ́tò níbí, ni wàá lò fún un, ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Kent):
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti dé láti track day ní Brands Hatch o, pápá ìje tó wà ní Kent níbí.

Mo kọ́kọ́ gbé akoto àtijọ́ wọrí nínú ilé kí n lè fi han àwọn ọmọ, fóòmù inú ẹ̀ ń rẹ̀ dànù sí mi lórí bíi gàrí, ìbejì ń rẹ́rìn-ín, mo ra tuntun lọ́jọ́ yẹn gan-an. Epo bíréèkì, táyà, bẹ́líìtì, gbogbo ẹ̀ ni mo pààrọ̀. Ìfúnpá mi ga díẹ̀, Àǹtí, wọ́n ti fún mi lóògùn.

Indy, ọ̀nà kúkúrú pápá náà, ni a lò, máìlì 1.2 péré. Mo rò pé mo rántí Paddock Hill Bend, kọ́nà àkọ́kọ́. Irọ́ ni! Ẹ mọ̀ pé o ò ní rí ìsàlẹ̀ ẹ̀ tó o fi máa yí ọwọ́, lẹ́yìn náà ilẹ̀ á kàn sá lábẹ́ ẹ, inú mi dà rú bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ bààlúù. Níbẹ̀ mo rọra lọ. Druids, kọ́nà tó tẹ̀ lé e, ló mú mi. Ẹsẹ̀ mi rántí ibi tí mo ti máa ń tẹ bíréèkì ní 2012, ojú mi ò sì tíì bá a, mo pẹ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́, mọ́tò yí bí òkòtó, mo kọjú sí ibi tí mo ti ń bọ̀. Wọ́n pè mí kúrò lórí pápá, wọ́n yẹ mọ́tò wò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kí n lọ mu omi. Lẹ́yìn ìyẹn mo gba olùkọ́ tó jókòó tì mí fún ogún ìṣẹ́jú, owó tó dáa jù tí mo ná lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, gbogbo ohun tó ń sọ kò ju “wo iwájú, wo iwájú” lọ.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi: tó o bá kúrò lórí pápá pẹ̀lú bíréèkì gbígbóná, má fa handbrake, pádì lè lẹ̀ mọ́ dísìkì, fi í sí gíà kó o sì gbé nǹkan dí táyà. Ẹni tó páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló fi òkúta tirẹ̀ ràn mí lọ́wọ́.

Autosolo ló kàn lóṣù tó ń bọ̀. Ìyàwó mi ò bá mi jà, ó kàn ní òun ò ní gbé fíríísà òun kúrò níbẹ̀ mọ́, kí n yáa wá ọ̀nà míì tí mọ́tò á máa gbà jáde. Ta ló mọ ẹni tó lè fẹ ẹnu ọ̀nà gáráàjì ní Dartford?